Ọjọ́ Tí Lọ́rì Kásálì Fèsì

Nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ fún mi ìdí táwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, “Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀”? Mo mọ̀ pé ẹ ó ní arọ kan ló ru ẹrù. Arọ wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bí mi nínú. Lọ́rì ni Amúkùn-ún! Ọsàn ló ń kó láti Arárọ̀mí lọ sí Ìbàdàn. Bó bá dúró, á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àgbà tí làkúrègbé ń dà láàmú. Bó ṣe gba orúkọ lọ́wọ́ ará ìlú nìyẹn.

Kásálì ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀, ọkùnrin tí títì ti nà títí tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ mọ́. Àlàájà Ṣìfáwù ló ni ọkọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Kásálì àti aya àtọmọ ti ń jẹun.

Lọ́jọ́ kan ó gbé lọ́rì lọ sọ́dọ̀ Súbérù, tó ń ṣe aláínmẹ́ǹtì, iṣẹ́ mímú táyà ọkọ̀ tọ́, lẹ́yìn ilé epo. Súbérù ta okùn láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn, ó di ojú kan, ó yí irin díẹ̀, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ó ti tọ́ gbọnrangandan. Ẹ fọwọ́ sílẹ̀, fúnra rẹ̀ ló máa rìn dé Ìbàdàn.”

Fúnra rẹ̀ náà ló sì rìn! Kásálì ò tíì jáde nílùú tí lọ́rì fi fà sọ́tùn-ún. Ó wa ọwọ́ ọkọ̀ mọ́yà, ó ń fà á sósì, lọ́rì kọ̀. Ó ya wọ inú gbodo tí ìyá kan sá sétí títì, ó sì lọ̀ ọ́ di èlùbọ́ kí ẹ̀rọ tó rí i.

“Ṣé mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ bá mi lọ̀ ọ́ ni?” ni ìyá ń pariwo.

Kásálì fi ìbínú padà. “Súbérù, ìwọ lo sọ mí di ẹni tó ń lọ èlùbọ́ lọ́sàn-án gangan!”

Ẹ wá gbọ́ èsì ọmọ yìí o. Kò bẹ̀rẹ̀, kò fọwọ́ kan táyà. Ó kàn gbójú sókè ni. “Iṣẹ́ mi pé. Ẹrù yín ló wọ́. Ẹ kó ọsàn sápá òsì, yóò fa ọkọ̀ padà.”

Wọ́n kó o sósì. Lọ́rì tún fà sọ́tùn-ún, ó sì wó ògiri ṣáláńgá Bàbá Olórí-Àdúgbò, tí bàbá sì lóṣòó síbẹ̀. Bàbá ò tilẹ̀ dìde. Ó ní, “Kásálì, ṣé o ò lè kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ni?”

Ìgbà yìí ni Àlàájà ránṣẹ́: bí lọ́rì bá tún kan ohun olóhun, kí Kásálì kó kọ́kọ́rọ́ wá, dẹ́rẹ́bà kan tó ń jẹ́ Làtífù ń wá ọkọ̀ tí yóò wà. Kásálì sáré lọ bá Súbérù. Ọ̀daràn yẹn tún gbójú sókè! “Ẹ ò kó o sósì tó ni.”

Wọ́n to ọsàn títí ẹrù fi dagun bí ọ̀mùtí. Kásálì rọra wà á, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ìyàwó tó ń bínú. Lọ́rì ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ojúde ta ló yà sí? Ojúde Àlàájà! Ó fi imú fọ́ àmù omi rẹ̀ yángá.

Inú bí Kásálì débi pé kò rántí sá. Ó rá pálá wọ abẹ́ lọ́rì. Ó fọwọ́ kan táyà òsì, ó tutù. Ó fọwọ́ kan tọ̀tún, yéè! Ó gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ. Bíréèkì ọ̀tún ti há, kò jọ̀wọ́ táyà láti ọjọ́ yìí wá! Ohun tí Súbérù ì bá mọ̀ ká ní ó lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré!

Ibẹ̀ ló wà tó ń bínú nígbà tí Àlàájà já síta, tàwọn aládùúgbò tẹ̀ lé e, Súbérù náà ń yọjú. Wọn ò rí dẹ́rẹ́bà. Àlàájà wo ẹrù, ó pàtẹ́wọ́: “Háà! Amúkùn-ún, ẹrù rẹ mà wọ́ o!”

Ohùn kan bú jáde lábẹ́ irin: “Òkè lẹ ń wò! Ẹ ò wo ìsàlẹ̀!”

Ká má purọ́, ta ló máa dúró? Lọ́rì ni wọ́n bá wí, lọ́rì ló fèsì! Súbérù ló kọ́kọ́ ki eré mọ́lẹ̀. Àlàájà gba orí àga wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí Kásálì jáde, tí ojú rẹ̀ dúdú fún gírísì, ojú fèrèsé ni Àlàájà ti ń sọ̀rọ̀.

“Kásálì, ṣé ìwọ nìyẹn? O... o máa ń gbọ́ ohun tó ń sọ?”

Kásálì wo fèrèsé, ó wo lọ́rì, ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti jọ ń sọ̀rọ̀, Àlàájà.”

“Kí ló tún wí?”

“Ó ní bẹ́ ẹ bá fún Làtífù ní kọ́kọ́rọ́, yàrá yín lòun ń bọ̀.”

Ta ló tún dárúkọ Làtífù nílùú yẹn? Kásálì tú bíréèkì, ó darí ọkọ̀ sọ́nà Ìbàdàn, lọ́rì sì tọ́. Nítorí náà, ẹ yé fi arọ aláìṣẹ̀ pa òwe. Lọ́rì la sọ fún pé, Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Lọ́rì náà ló sì la ẹnu rẹ̀ gbàgà, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀!