Ọ̀gá Tí Ẹnikẹ́ni Ò Nà Rí

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkòsì, lórí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mìsì, ni ilé-iṣẹ́ Ọ̀gá Jayé wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ayò orí tábìlì, èyí tí wọ́n fi páálí ṣe, tó ní dáìsì àti káàdì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé KÒ SÍ Ọ̀GÁ NÍBÍ, FÁMÍLÌ NI WÁ. Abẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni àga ọ̀gá wà, àga yẹn nìkan ló sì ní tìmùtìmù nínú gbogbo ọ́fíìsì.

Nimat wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó gbé páálí ayò tuntun dání, ojú rẹ̀ le koko. Òun ló ronú ayò náà jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí tòmátò ni ìyá rẹ̀ ń tà ní Mile 12, àárín apẹ̀rẹ̀ tòmátò ló sì dàgbà sí. Nínú ayò ọ̀hún, kálukú máa ń wa tírélà tòmátò láti Kánò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Mile 12 kí tòmátò rẹ̀ tó rà ló jẹ. Ọ̀gá ti ṣèlérí látìbẹ̀rẹ̀ pé orúkọ Nimat máa wà lára páálí. Ìyá Nimat sì ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ìlà àwọn onítòmátò. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ṣeréṣeré.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá."

"Nimat! Ìgbà mélòó ni mo fẹ́ sọ fún ẹ? Má pè mí lọ́gá mọ́. Jayé ni kó o máa pè mí."

"Gbénró pè yín ní Jayé lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣó o rí i? Ọmọ tó lajú nìyẹn."

"Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ ní kó gbé tábìlì ẹ̀ lọ."

"Ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ orúkọ. Mo fẹ́ kó máa rí atẹ́gùn ni."

"Èéfín ló ń rí, sà."

Ọ̀gá Jayé wúkọ́ díẹ̀, bí ẹni pé èéfín ọ̀hún ti dé ọ̀dọ̀ tiẹ̀ náà.

Nimat gbé páálí kalẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ wo ohun tí àwọn atẹ̀wé kó wá. 'Jayé ló ṣe é.' Jayé níwájú, Jayé lẹ́yìn. Fọ́tò yín ló tún wà lórí tírélà, ẹ jókòó lé tòmátò. Orúkọ tèmi dà?"

"O wà níbẹ̀. Wo ìsàlẹ̀. 'Jayé àti fámílì rẹ̀.'"

"Háà! Ọ̀gá, bí ìyàwó yín bá rí èyí, òun lá rò pé ẹ ń sọ."

"Fámílì ni gbogbo wa níbí, Nimat. Bí bàbá bá kọ́lé, ṣé orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pè é?"

"Tó bá jẹ́ pé ọmọ ló kọ́ ọ ńkọ́?"

"Irú ọmọ wo ló ń bá bàbá ẹ̀ du ilé?"

"Lọ́jọ́ tí ìyá mi dákú lọ́jà, tí mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí n sáré lọ wò ó, ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ sọ?"

"Mo ní iṣẹ́ ò mọ ẹbí."

"Ẹ ṣé, sà."

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú lórí tìmùtìmù. "Wò ó, a kì í jà níbí. Ayò là ń ṣe, ayò náà láá parí ẹjọ́. Ṣó o mọ̀ pé Mummy Vivian ń bọ̀ láti Magodo láti wá ta á pẹ̀lú mi, kó tó gbà á sínú ilé ìtajà ẹ̀? Mo nílò ẹni tí màá fi gbára dì. Jẹ́ ká ta á. Bó o bá nà mí, orúkọ ẹ á wà lára páálí. Ṣùgbọ́n látọjọ́ tí mo ti dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò nà mí rí. Ìwọ náà mọ̀."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nimat mọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá gbaṣẹ́ níbẹ̀, Martha, òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ jù níbẹ̀, ló máa ń fi ibi tí ilé ìtọ̀ wà hàn án, lẹ́yìn náà á yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí i létí pé a kì í na ọ̀gá. Bí Mutolib, òṣìṣẹ́ mìíràn, bá ju mẹ́fà, á fi ìka tì í di méjì. Martha fúnra rẹ̀ máa ń yí tírélà padà sí Kánò tó bá ti kù díẹ̀ kó wọlé, á ní òun gbàgbé báàgì. Nimat náà ti fi tòmátò tó pọ̀ jẹrà sójú ọ̀nà nítorí iṣẹ́.

"Ọ̀gá, ṣé tọkàntọkàn lẹ fẹ́ kí n ta á?"

"Ta á bó o ṣe máa ta á pẹ̀lú ẹnikẹ́ni."

"Ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọ̀gá mi?"

"Ṣé o ò lè kàwé ara ògiri ni?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Nimat ju dáìsì. Mẹ́fà. Kò fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ń wo ìka rẹ̀, ó ń retí.

"Mẹ́fà lo jù."

"Mo rí i."

"O ò ní... "

"N ò ní kí ni, sà?"

"Rárá o. Máa lọ."

Ọ̀gá ju tiẹ̀, tírélà rẹ̀ bọ́ sójú dúdú, níbi tí wọ́n ti ń mú káàdì, ó mú ọ̀kan, ó sì kà á sókè: "Táyà bẹ́ ní Jẹ́bà. Dúró sójú kan, kí apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan rà." Ó dá káàdì náà padà, ó tún nawọ́ sí dáìsì.

"Ọ̀gá, táyà yín bẹ́."

"Kò lè bẹ́. Táyà tuntun ni mo fi kúrò ní Kánò."

"Níbo lẹ ti rà á? Kò sẹ́ni tó ń ta táyà nínú ayò yìí."

"Ó ti wà báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù táyà síbẹ̀ ni. Olórí tó dáa, iwájú ló máa ń wò."

"Ṣé èmi náà lè lọ rà níbẹ̀?"

"Ó ti tà tán."

Wọ́n ń bá a lọ. Tírélà Nimat ti kọjá Ìbàdàn nígbà tí ọlọ́pàá dá ti ọ̀gá dúró, tí káàdì ní kí apẹ̀rẹ̀ méjì rà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Tòmátò tèmi kì í rà."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ti sá a gbẹ kó tó wọ ọkọ̀."

"Gbígbẹ bí ti báwo? Ẹ wo ara páálí. Tòmátò tútù ni, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú!"

"Àwòrán lásán nìyẹn."

"Ẹ̀yin náà lẹ jókòó lé e lórí nínú àwòrán yẹn, sà. Ṣé ẹ̀yin náà gbẹ ni?"

"Nimat, máa bọ̀wọ̀ fún àgbà."

"Mo rò pé kò sí ọ̀gá níbí."

"Kò sí ọ̀gá, ṣùgbọ́n àgbà wà!"

Nimat ju dáìsì. Ó ti wà ní Bẹ́gà tẹ́lẹ̀. Èyí tó jù yẹn ló gbé e wọ Mile 12, pẹ̀lú tòmátò tó ṣì dáa nínú apẹ̀rẹ̀. "Mo dé! Ọ̀gá, mo jẹ!"

"Wọn ò tíì ṣí ọjà."

"Kí lẹ wí?"

"Tọ́sìdeè ni. Wọ́n ń ṣe ìmọ́tótó ọjà. Ìyá ẹ tó jẹ́ ọlọ́jà ò sọ fún ẹ ni?"

"Ìyá mi sọ fún mi pé wọ́n máa ń ṣí i tí wọ́n bá gbálẹ̀ tán!"

"Ìdọ̀tí ti tòní pọ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò tíì kúrò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá."

"Èmi á gba ẹ̀yìn wọlé. Mo mọ alága ọjà." Ó mú tírélà rẹ̀, kò ju dáìsì, ó gbé e fò kọjá Ìbàdàn, kọjá Bẹ́gà, ó gbé e lé orí Mile 12 gbàgà. Ó fò dìde. "Mo jẹ! Mo nà ẹ́! Ẹnikẹ́ni ò nà mí rí!"

Inú bí Nimat débi pé omi lé sójú rẹ̀. Kí ló máa lọ sọ fún ìyá rẹ̀? Ṣé pé òun dé ọjà, wọ́n sì tì í mọ́ òun lójú? Ó ń wo baba tó ń jó yí àga ká, ojú ń tì í bá a.

Fóònù dún. Ọ̀gá gbé e, ohùn rẹ̀ yí padà di oyin. "Mummy Vivian! Ẹ ti wà nísàlẹ̀? Ẹ máa gòkè bọ̀, mà." Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó ń to káàdì wàràwàrà. "Nimat, ìwọ lo máa ṣàlàyé òfin fún wọn. Ṣe bí ẹni pé èmi ni Mummy Vivian, fi mí wò ó ná."

Nimat nu ojú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ káàbọ̀, Mummy Vivian. Ẹ máa ju dáìsì. Bí táyà yín bá bẹ́, ẹ dúró. Bí táyà ọ̀gá wa bá bẹ́, kò bẹ́. Tòmátò tiyín máa ń rà. Tòmátò ọ̀gá wa ti gbẹ láti Kánò. Bí ẹ bá dé Mile 12, ọjà ti tì. Bí ọ̀gá wa ò bá tíì dé, wọ́n ti dé."

"Ṣé o fẹ́ bà mí jẹ́ ni?"

"Òfin yín ni, sà."

"A kì í sọ ìyẹn fún kọ́sítọ́mà! Òfin ti tẹ́lẹ̀ ni kó o sọ."

"Èwo nìyẹn?"

"Èyí tó wà tẹ́lẹ̀!"

"Ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ó wà lára páálí."

Ọ̀gá ya ẹnu. "Wọ́n á ju dáìsì... "

"Ẹ̀n-ẹ́n. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà... " Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Lẹ́yìn náà, mo máa ń jẹ."

Bàtà ń dún lórí àtẹ̀gùn, kò, kò, kò. Nígbà tó rí i pé Nimat nìkan ló lè ṣàlàyé ayò náà, Ọ̀gá Jayé fa máákà yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó sì kọ NIMAT sí igun páálí, ó kéré bí èèrà.

"N ò rí i, sà."

"Kí lo tún fẹ́?"

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe kọ KÒ SÍ Ọ̀GÁ NÍBÍ."

Ọ̀gá kọ ọ́. Ó kọ ọ́ gàdàgbà, àyè ò tó, ló bá kọ ọ́ gba orí ojú ara rẹ̀ kọjá nínú fọ́tò. "Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé inú ẹ ti dùn?"

"Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ yìí gan-an ni mo máa gbé e lọ bá àwọn atẹ̀wé. Ẹ ṣé o, Jayé."

Kò ráyè bínú sí orúkọ yẹn. Bàtà ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá fa àga súnmọ́ Nimat, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó rọ ohùn sílẹ̀.

"Nimat, jọ̀ọ́. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, mo máa ń nà yín. Obìnrin yìí ńkọ́? Kí ni kí n ṣe tí mo fi máa nà á?"

Nimat ń lọ ṣílẹ̀kùn. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ gbà á síṣẹ́."