Àga Ọba Tí Mo Rí ní Ìsọlọ̀

Ọjọ́ kan wà tí mo ti ń bẹ̀ kó kúrò lọ́kàn mi, ó kọ̀, kò kúrò. Ọjọ́ tí mo kó àwọn àgbàlagbà jáde sínú oòrùn kí wọ́n lè wá fojú ara wọn rí ìwà òmùgọ̀ mi ni. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, ti gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ọ, ìyàwó mi ṣì ń bọ̀ wá sọ ọ́ fún un. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n yáa fi ẹnu ara mi rò ó.

Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ndìrì aládàáni kan lójú ọ̀nà Àgọ́ Palace. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, olùkọ́ ìtàn kì í gbajúmọ̀. Àwọn òbí á kí olùkọ́ ìṣirò tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n á wá bi mí bóyá èmi ni mò ń ṣọ́ géètì. Nítorí náà, nígbà tí kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa pè mí pé ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, tí yóò máa gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí àwọn ilé àti ibi àtijọ́ tó yẹ ní títọ́jú, tó sì ní àwọn nílò ẹni tó mọ ìtàn, mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tí mo fi gbà. Lọ́jọ́ kejì mo ti lọ tẹ káàdì. Ohun tí mo ní kí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ mi ni "Onímọ̀ Àgbà, Àwọn Ibi Àjogúnbá".

Ìyàwó mi yí káàdì náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Bàbá Tóbi, ta ló sọ yín di àgbà?"

Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Àwa márùn-ún la wà nínú ìgbìmọ̀. Alága wa ni Alhaja, obìnrin kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ilẹ̀ fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ti wọn ilẹ̀ fún èèyàn Èkó rí, kò sí irọ́ tí kò tíì gbọ́. Bàbá Káfíńtà náà wà níbẹ̀, àgbàlagbà tó mọ pákó àtijọ́ bí ẹni mọ owó. Obìnrin ayàwòrán-ilé kan ń wá láti Àjàó Estate, kánsù sì fún wa ní akọ̀wé kan.

Ní ìpàdé wa àkọ́kọ́, Alhaja ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Ó ń fi ìka kan lu tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ìmọ̀ràn niṣẹ́ wa o. Ẹnikẹ́ni ló lè dárúkọ ibì kan. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀, àá kọ lẹ́tà sí onílé kó mọ̀ pé à ń bọ̀. Gbogbo wa la máa jọ lọ wò ó. Àá gbọ́ tẹnu onílé. Ẹ̀yìn ìyẹn la máa tó jókòó, ká dìbò, ká sì kọ ìmọ̀ràn wa ránṣẹ́ sí kánsù. Kánsù ló máa pinnu. Àwa ò lè dá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni dúró, a ò sì lè ti ilé ẹnikẹ́ni. Ṣé ó yé wa?"

Gbogbo wọn ní ó yé àwọn. Èmi náà ní ó yé mi. Ohun tí mò ń rò lọ́wọ́ ni ibi tí màá dúró sí tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò ìgbìmọ̀.

Alhaja ní kí kálukú wa lọ wá ibì kan tá a lè yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ Sátidé, mo gba inú Ìsọlọ̀ àtijọ́ lọ, mò ń yọjú wo ọgbà olọ́gbà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Lẹ́yìn ọgbà kan tó ti ya, àtẹ̀gùn mẹ́ta kan wà tí kò lọ síbì kankan. Orí pèpéle kan ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, pèpéle tó fẹ̀, tó tẹ́jú, tí ògiri kan ṣoṣo dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ̀yìn àga. Ojú ihò róbótó kan wà láàárín pèpéle náà tí wọ́n ti dí. Koríko bò ó yíká. Ọkàn mi ní àga ni. Mo wo bó ṣe ga, mo wo bó ṣe fẹ̀, mo ní èyí kì í ṣe àga mẹ̀kúnnù.

Ọkùnrin ayálégbé kan ń sá aṣọ nítòsí. Mo bi í pé kí ni nǹkan yìí.

"Ẹ̀gbọ́n, bá a ṣe kó dé la bá a níbẹ̀. Ẹ bi Màmá onílé. Wọ́n jáde lọ sí Oṣòdì ni, wọn ò ní pẹ́ dé."

Mi ò dúró de Màmá onílé. Ẹni tó ti mọ ìdáhùn, kí ló tún fẹ́ bi ẹnikẹ́ni? Mo gun àtẹ̀gùn náà, mo jókòó, mo ya ara mi ní fọ́tò mẹ́rin, mo sì gba ilé lọ kọ ìròyìn mi. Ojú ewé mẹ́ta ni. Mo kọ ọ́ pé orí àga yìí ni àwọn ọba ìgbàanì ti ń dájọ́, àti pé ojú ihò àárín yẹn ni wọ́n máa ń ri ọ̀pá àṣẹ mọ́. Ibi tí mo ti gbọ́ ọ ni inú orí mi.

Alhaja kà á tán, ó wò mí látòkè awò ojú rẹ̀.

"Olùkọ́, ẹnu ta lẹ ti gbọ́ èyí?"

"Ẹnu àwọn àgbà àdúgbò ni, Alhaja."

Ó ní kí akọ̀wé kọ lẹ́tà sí onílé, pé a máa lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Ká ní mo jókòó jẹ́ẹ́ títí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn fi pé ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Túsìdeè, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́, mo gba ibẹ̀ kọjá, mo bá àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ lọ́gbà náà. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ wọn wọlé. Ọ̀kan nínú wọn gbé òòlù ńlá lé èjìká, ó ń bọ̀ wá fọ́ àga ọba mi kí ẹ̀rọ lè rọ́nà kọjá. Màmá onílé kò sí nílé, ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé dúró yíká, inú wọn ń dùn.

Mo yọ káàdì mi. "Ẹ dúró níbẹ̀."

"Ṣé látọ̀dọ̀ ìjọba ni?" olóòlù bi mí.

"Ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀."

Ó kà á. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ̀wé nítòsí, mo ní kó fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́ fún mi: ÌKÌLỌ̀. IBI ÀJOGÚNBÁ. ẸNI TÓ BÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN YÓÒ FOJÚ BA ILÉ-ẸJỌ́. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ ọgbà, mo lẹ òmíràn mọ́ àtẹ̀gùn. Nígbà tí ó ku ẹyọ kan lọ́wọ́ mi, mo lẹ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga. Ta ló fẹ́ bá ìjọba fa wàhálà? Àwọn ọkùnrin náà di ẹrù wọn, wọ́n ní iṣẹ́ mìíràn wà fún àwọn ní Àjàó Estate, àwọn ò sì lè sọ ọjọ́ tí àwọn máa padà.

Obìnrin ayálégbé kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kàmílù dojú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ bolẹ̀, ó jókòó lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, òdìkejì títì la ti ń lọ pọnmi látọjọ́ yìí. Kí lẹ wá fẹ́ ká máa mu, ìtàn?"

Mo sọ fún un pé àwọn ọmọ tí a ò tíì bí ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó wò mí títí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara ni.

Nígbà tí ọjọ́ àbẹ̀wò pé, mo wọ agbádá. Láìsọ fún Alhaja, mo ti ránṣẹ́ pe kánsílọ̀, mo ti pe ayafọ́tò kan, mo sì ti mú aṣọ funfun láti ilé lọ tẹ́ sórí pèpéle náà. Alhaja kò tíì wọlé tán tó fi rí ìwé ìkìlọ̀ lára ọgbà.

"Ta ló lẹ èyí?"

"Ìgbìmọ̀ ni, Alhaja."

"Ìgbìmọ̀ wo?"

Ọlọ́run yọ mí, kánsílọ̀ dé. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àwọn baba ńlá wa. Mo sọ ọ́ débi pé Bàbá Káfíńtà ṣí fìlà. Mo wá bẹ kánsílọ̀ pé kó gòkè, kó jókòó níbi tí àwọn ọba ti jókòó. Ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó gun àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó jókòó sórí aṣọ funfun, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì. Ayafọ́tò yà á, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbàgede Wásáàpù wọ́ọ̀dù wa lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí a dé nìyẹn tí ilẹ̀kùn ilé fi ṣí. Màmá Múrí, opó tó ni ilé, jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ó kí gbogbo wa dáadáa, ó sì kọjú sí kánsílọ̀.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ọmọ mi. Ṣé ẹ ti ṣe tán ni àbí ẹ ṣì ń ṣe é lọ́wọ́?"

"Kí la ń ṣe lọ́wọ́, Màmá?"

"Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ náà ni. Ṣáláńgá ilé wa nìyẹn. Bàbá Múrí ló mọ ọ́n kí wọ́n tó kú. Ihò tẹ́ ẹ jókòó lé yẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i nígbà tá a ṣe tinú ilé."

 Kánsílọ̀ dìde bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ. Bàbá Káfíńtà rọra dá fìlà rẹ̀ padà sórí. Ìyá Kàmílù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́ níbẹ̀ yẹn. Èmi ò dákẹ́.

"Màmá, ṣé kò lè jẹ́ pé ọba kan ti lò ó rí?"

Màmá Múrí rò ó dáadáa. "Ó lè jẹ́. Kò sẹ́ni tí kì í lò ó."

Alhaja nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àwọn ìwé ìkìlọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká wọn, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́.

"Olùkọ́, omi àwọn èèyàn lẹ dá dúró. Ta ló fún yín láṣẹ?"

 Ó ní kí n kó gbogbo káàdì mi wá, mo kó wọn fún un. Ó kúnlẹ̀ bẹ Màmá Múrí lórúkọ ìgbìmọ̀. Nígbà tí mo rí obìnrin tó dàgbà jù mí lọ lórí ìkúnlẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi, ìgbà yẹn ni ojú tó tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá. Màmá ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pe àwọn oníkànga lórí fóònù, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ẹni tó lé ẹ̀rọ lọ ni kó máa pọnmi títí ẹ̀rọ á fi dé," Ìyá Kàmílù sọ.

Gbogbo ojú kọ sí mi. Alhaja mi orí. "Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn."

Bí mo ṣe di apọnmi nìyẹn. Láàárọ̀ kí n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, àti nírọ̀lẹ́ tí mo bá dé, màá kó kẹ́ẹ̀gì sínú bárò, màá tì í kọjá títì, màá tún tì í padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa kí mi lọ́nà pé, "Sà, ẹ kú iṣẹ́ àjogúnbá." Ìyàwó mi wá wò mí lẹ́ẹ̀kan.  Ó kàn dúró lódìkejì, ó wò mí dáadáa, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ kẹfà, Màmá Múrí ní kí n bá òun gbé omi wọ yàrá ẹ̀yìn. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láti mí, ni mo bá rí férémù ilẹ̀kùn náà. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ fín ìlà wẹ́wẹ́ sí i, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, lọ́tùn-ún lósì, ìlà lórí ìlà, kò lóǹkà. Orí mi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀. Mo dá a lẹ́kun.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?"

Ó jókòó sórí ibùsùn. Ó ní ìyá ọkọ òun ló ni yàrá náà, agbẹ̀bí ni, ọ̀pọ̀ èèyàn Ìsọlọ̀ ló sì gbẹ̀bí wọn níbẹ̀. Bí ọmọ bá délẹ̀, yóò fín ìlà kan, ọkùnrin lọ́tùn-ún, obìnrin lósì.

"Àwọn tí wọ́n fi ìlà dábùú ńkọ́, Màmá?"

"Àwọn tí kò dúró nìyẹn." Ó dìde, ó gbé ìka lé ọ̀kan lápá òsì, kò wá a kó tó rí i. "Tèmi nìyí. Ṣáájú Múrí."

Èmi tí mo ní ojú ewé mẹ́ta fún ṣáláńgá, mi ò ní gbólóhùn kan ṣoṣo fún ilẹ̀kùn yẹn. Mo gbé omi rẹ̀ wọlé.

Mi ò kọ nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ bi Màmá bóyá ó fẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò ó fún ọjọ́ méjì kó tó ní kí n sọ ọ́ fún Alhaja. Alhaja kọ lẹ́tà, a dúró, gbogbo wa lọ, a jókòó sílẹ̀ ní yàrá náà, Màmá sì fẹnu ara rẹ̀ sọ̀tàn. Bàbá Káfíńtà fọwọ́ kan pákó náà, ó ní igi ìrókò ni, ó ṣì máa pẹ́ láyé ju gbogbo wa lọ. A dìbò, a kọ ìmọ̀ràn wa. Ó pẹ́ kí kánsù tó dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á, wọ́n kọ ilé náà sínú àkọsílẹ̀ wọn. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ ti dé, wọ́n ti fọ́ ṣáláńgá, omi sì ti jáde. Ìyá Kàmílù bu ife àkọ́kọ́ fún Màmá Múrí, ó bu ìkejì fún mi, ó ní mo ti ṣiṣẹ́ fún un.

Alhaja fi mí sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Ó ní iṣẹ́ mi ni kí n máa lọ bi àwọn arúgbó léèrè, kí n kọ ohun tí wọ́n bá sọ, kí n má fi iyọ̀ sí i. Kánsílọ̀ ní tirẹ̀ kì í dáhùn ìkíni mi títí di òní, torí pé ẹnikẹ́ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ fọ́tò kúrò lórí fóònù gbogbo wọ́ọ̀dù.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju pé ẹni tó bá ń wá ìtàn kiri, etí ni kó mú dání, kó fi ẹnu sílé. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi tí mo bá rán wọn lọ bi àwọn ìyá àgbà wọn léèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn á sì nawọ́ pé, "Sà, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Wọ́n mọ̀ dáadáa, gbogbo wọn ló mọ̀. Màá rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe, màá ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn.