Kẹ̀kẹ́ Oníbúrẹ́dì Tí Ẹ-wò-ó Kùn

Akunlé kan wà ládùúgbò wa. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti fò lọ lórí gbogbo wa, nítorí pé ohunkóhun tó bá ti kùn lọ́dà, á fà sẹ́yìn díẹ̀, á fọwọ́ lẹ́rán, á ní, “Ẹ wò ó!” Bó ṣe di Ẹ-wò-ó nìyẹn. Kò bínú sí i rárá. Ó rò pé oríkì ni.

Mi ò sọ pé kò mọ ọ̀dà kùn o. Ó mọ̀ ọ́n kùn. Ibi tó yẹ kó ti dáwọ́ dúró ni kò mọ̀. Ó kun aago ara ògiri ìyá rẹ̀ nígbà kan, ó kùn ún dórí ọwọ́ méjèèjì tó ń yí. Láti ọjọ́ náà, aago mẹ́rin ni aago ń sọ nílé ìyá náà, àárọ̀ o, ọ̀sán o. Bí ẹ bá bi ìyá náà léèrè, á ní kò burú, ṣebí aago náà ń dán.

Ọkùnrin yìí ló wá lọ fẹ́ràn télọ̀ kan, ọmọbìnrin Bàbá Oníbúrẹ́dì. Télọ̀ náà ò kọ̀ ọ́, kò sì tíì gbà fún un. Ó ní kó lọ rí bàbá òun. Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kẹ̀kẹ́ kan ló ní, tó ní apẹ̀rẹ̀ ńlá níwájú, òun ló fi ń pín búrẹ́dì láti ojúlé dé ojúlé láràárọ̀. Ìpẹtà ti jẹ kẹ̀kẹ́ náà débi pé téèyàn bá fara kàn án, aṣọ rẹ̀ á di fífọ̀.

“Bàbá, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yìí fún mi,” Ẹ-wò-ó wí. “Bí mo bá fi máa dá a padà, ẹ máa rò pé àná ni wọ́n rọ ọ́.”

Bàbá ti kẹ̀kẹ́ náà sí i lọ́wọ́. “Gbé e lọ. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló ń bọ́ wa. Bí o bá ṣe tọ́jú rẹ̀ ni n ó fi mọ̀ bóyá o lè tọ́jú ọmọ mi.”

Ẹni tó ní làákàyè, ọ̀rọ̀ yẹn tó kó jìnnìjìnnì bá a. Ẹ-wò-ó rẹ́rìn-ín ni. Ó ní ẹni tó máa fẹ́ ọmọ oníbúrẹ́dì kì í wo ẹnu ààrò.

Ó tú kẹ̀kẹ́ náà palẹ̀ sínú yàrá rẹ̀. Ó ti táyà sábẹ́ ibùsùn, ó gbé apẹ̀rẹ̀ sórí àga, ó sì tẹ́ fọ́ọ̀kì sórí tábìlì. Fọ́ọ̀kì yìí ni irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó máa ń di táyà iwájú mú. Ọrùn rẹ̀ ṣófo nínú bíi páìpù, inú ọrùn náà sì ni ọ̀pá háńdù máa ń wọ̀.

Ibi tó ti ń po ọ̀dà ni télọ̀ ti wọlé, ó mú agolo kékeré kan lọ́wọ́.

“Bàbá mi ní kí ẹ fi àkísà nu inú ọrùn fọ́ọ̀kì yìí kó mọ́. Wọ́n ní ọ̀dà ò gbọdọ̀ kan ibi tí irin ti ń wọ inú irin. Gíríìsì yìí ni kí ẹ fi pa inú rẹ̀, kí ẹ fi pa ọ̀pá háńdù náà, kí ẹ tó tì í wọ inú ọrùn náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa há.”

“Gíríìsì?” Ẹ-wò-ó yínmú. “Lára iṣẹ́ ọwọ́ mi? Àwọn tí ò mọ ọ̀dà kùn ló ń lo gíríìsì.”

“Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ẹ ò mọ ọ̀dà kùn.”

“Inú, ẹ̀yìn, kọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀ ni mo máa kùn. Irú akunlé wo ló ń kun ìta tó ń fi inú sílẹ̀?”

Télọ̀ gbé agolo náà kalẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹ-wò-ó mú agolo, ó fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Gbogbo iṣẹ́ tí gíríìsì bá wọn ṣe lára kẹ̀kẹ́ náà ò ju ìyẹn lọ.

Ó so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó kun inú ọrùn fọ́ọ̀kì. Ó tún un kùn. Ó kun ọ̀pá háńdù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn irin róbótó-róbótó tó máa ń jẹ́ kí ọrùn náà yí sọ́tùn-ún sósì, ó kó wọn sínú àwo, ó sì ń kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kun èékánná ìyàwó tuntun. Kódà ó kun bíréèkì.

Nígbà tó fẹ́ tò ó pọ̀, ọ̀pá háńdù ò wọlé mọ́, ọ̀dà ti mú un sanra. Ó gbé òòlù. Ó lù ú títí tó fi wọlé, tòun ti ọ̀dà tútù lára. Ó wá fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ náà sún mọ́ ògiri dáadáa kí òun lè máa wò ó látorí ibùsùn, ló bá yí háńdù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní tó bá di àárọ̀, òun á yí i padà. Kí àárọ̀ tó dé, ọ̀dà ti gbẹ.

Èmi wà lára àwọn tó wá ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú mi ló sì ṣe. Ẹ-wò-ó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, kẹ̀kẹ́ ń dán, inú rẹ̀ ń dùn. “Ẹ wò ó!” ló wí, a sì wò ó.

“Kí ló dé tí háńdù ń wo ilé aládùúgbò?” Bàbá bi í.

“Àrà tuntun ni, Bàbá. Kí ẹ lè máa rójú kí èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.”

Bàbá gbá háńdù mú, ó yí i. Kò mì. “Ó ti há.”

“Ó dúró ṣinṣin ni, Bàbá. Fọ́ọ̀kì tó há, ẹwà ló bù sí i.”

Ti ilé ọba tó jó la máa ń gbọ́. Ti fọ́ọ̀kì tó há, ẹnu òpònú yìí la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Bàbá rọra to búrẹ́dì gbígbóná kún inú apẹ̀rẹ̀. “Ó dáa. Gùn ún ká rí i.”

Ọ̀nà wa gún régé títí dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ibẹ̀ ló ti ṣẹ́ kọ́nà. Ẹ-wò-ó gun kẹ̀kẹ́, etí háńdù kan ń gún un níkùn, ìkejì yọ síwájú bí ìwo. Nígbà tó dé kọ́nà, ó fẹ́ yà. Fọ́ọ̀kì ò yà. Àwọn irin róbótó-róbótó yẹn ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Ó fa bíréèkì. Bíréèkì ń dán, kò ṣe ohun mìíràn. Báyìí ni kẹ̀kẹ́ ṣe fa aṣọ ìkélé ẹnu ọ̀nà onígbàjámọ̀ ya, tó sì wọlé tòun ti búrẹ́dì.

Onígbàjámọ̀ kọ̀yìn sílẹ̀kùn, ó ń fá irùngbọ̀n oníbàárà. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

“Ẹ jókòó, ọ̀gá,” ó wí. “Ẹ̀yin ló kàn.”

Búrẹ́dì ti fọ́n ká sórí irun tí wọ́n gẹ̀ sílẹ̀. Télọ̀ sáré dé, òun àti onígbàjámọ̀ jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣà á, wọ́n ń gbọn irun kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa ra búrẹ́dì tó hurun?

Ẹ-wò-ó jókòó sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ ti fọ́ọ̀kì, ó ń fa háńdù. Onígbàjámọ̀ bá a fà á. Oníbàárà tí wọ́n fá irùngbọ̀n rẹ̀ dé ìdajì bá a fà á. Èmi náà fà á, ẹ̀rín ni ò jẹ́ kí n lágbára. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ sú u, ó sáré lọ sílé, ó fa agolo gíríìsì yọ lábẹ́ tábìlì, tábìlì wó, ọ̀dà dà sórí ibùsùn rẹ̀. Ó sáré padà dé, ó ń fi gíríìsì ra háńdù lórí.

“Gíríìsì kì í ṣe omi ìwẹ̀ tí wọ́n ń dà síni lórí,” Bàbá wí. “Ó ti yẹ kó wà nínú kí irin tó wọlé.”

“Mo sọ fún ọ, o ò gbọ́,” télọ̀ wí. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin tó ti ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ látìgbà yìí ti bọ́ sórí “o”.

Bàbá gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. “Ọjọ́ tí háńdù yẹn bá yọ, wá bá mi, ká sọ̀rọ̀ ọmọ mi.”

Ṣé ẹ mọ̀ pé inú òmùgọ̀ yìí tún dùn? Ó ń sọ káàkiri pé bàbá ìyàwó òun ti fọwọ́ sí i, ó ku háńdù nìkan. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà ti ògiri ilé búrẹ́dì, ìrọ̀lẹ́ kan ò sì kọjá kí ẹ má bá a níbẹ̀, tó ń fà á, tó ń làágùn. Ọmọlanke ni Bàbá wá fi ń pín búrẹ́dì. Ó wúwo fún àgbàlagbà, onígbàjámọ̀ ló ń bá a tì í láràárọ̀ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ ní ojú ń ti òun nítorí aṣọ ìkélé tó ya, òun á bá onígbàjámọ̀ rán an. Aṣọ ìkélé kan ṣoṣo. Kò tètè parí.

Nígbà tó yá, háńdù yọ. Ó yọ lójijì, Ẹ-wò-ó sì fi ìdí jókòó sílẹ̀ gbì. Ó dìde, ó gbé háńdù sókè, ó ń sáré lọ láàárín ìgboro: “Ẹ wò ó! Ó ti yọ!” Wọ́n ní Bàbá wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ó gba ibẹ̀ lọ, ó ká aṣọ ìkélé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé.

Bàbá wà lórí àga, ọṣẹ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, onígbàjámọ̀ ń fá a. Télọ̀ jókòó sí igun, ó ń rán aṣọ funfun kan tí èjìká rẹ̀ gbòòrò, ó sì bá ti onígbàjámọ̀ mu rẹ́gí.

“Bàbá, ó ti yọ,” Ẹ-wò-ó ń mí hẹlẹ. “Ẹ ní tó bá ti yọ, ká wá sọ̀rọ̀ ọmọ yín.”

Bàbá yẹ háńdù náà wò dáadáa, lókè àti nísàlẹ̀. “Òótọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó.”

Ẹ-wò-ó wo télọ̀. Télọ̀ ń wo abẹ́rẹ́. Ẹ-wò-ó wá yíjú sí onígbàjámọ̀, ìyẹn ò sì gbójú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá,” ó wí. “Ẹ̀yin kọ́ ló kàn.”