Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Yin Ọmọ Tó Dákẹ́ Mọ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdó-Ọ̀pẹ, tọkùnrin tobìnrin, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń lọ ata, kó gbé ọmọ ọlọ kalẹ̀. Ẹni tó ń jà, kó fi ìjà pamọ́, yóò bá a níbẹ̀ tí mo bá lọ tán. Ẹnu Kábíyèsí ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ẹnu tèmi ló kàn gbà kọjá.

Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yin ọmọ tuntun pé ó dákẹ́. Mo tún un sọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yin ọmọ tuntun pé ó dákẹ́.

Kò tíì yé yín. Ẹ jẹ́ ká dé ilé Ìyá Àyọ̀ká nísàlẹ̀ odò, níbi tí òfin ti ṣẹ̀.

Gbogbo wa la mọ Ìyá Àyọ̀ká. Kò sí orin tí kò mọ̀, ohùn nìkan ni Ọlọ́run kò fún un. Tó bá la ẹnu, àfi bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Kò sì sí ọmọ kan tí wọ́n bí sí agboolé náà tí kò fi orin yìí kí káàbọ̀:

Àlejò tó dé láìgbẹ́rù,
Ẹsẹ̀ rẹ kò tíì mọ eruku.
Kí lo jẹ lọ́nà tí ikùn rẹ fi rí róbótó?
Ọmú ìyá rẹ ń dúró dè ọ́ o.

Gbogbo ọmọ tó bá gbọ́ ọ ló ń figbe ta. Inú ìyá àgbà a sì máa dùn. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ orin òun tó ké, etí rẹ̀ pé, èémí rẹ̀ pé.

Àyọ̀ká ọmọ rẹ̀ wá bí ọkùnrin. Oṣù ọmọ náà kò pé, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ẹyẹlé lọ. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, ilé kún. Wọ́n ń gbé ọmọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọmọ ò ké. Wọ́n fi oyin kàn án létè, kò lá a. Inú àlejò ń dùn. Wọ́n ní ọmọ yìí mà ní sùúrù o. Wọ́n ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò jọ bàbá rẹ̀. Kábíyèsí fúnra rẹ̀, kí adé pẹ́ lórí, gbé e lé itan, ó ní èyí á jòyè, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ní ìgbìmọ̀.

Ìyá Àyọ̀ká bọ́ síwájú, ó kọrin. Ọmọ ò ké. Ó gbé ohùn sókè, adìẹ sá kúrò lágbàlá. Ọmọ ò tilẹ̀ fajú ro. Ìyá àgbà dá orin dúró. Ó ní kí Àyọ̀ká fi ọmú sí i lẹ́nu. Ọmú ń kán, ọmọ ò fà á. Ó fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù bí ìdí àmù.

Wọ́n ní ọyẹ́ ni. Wọ́n ní ibà inú ni, kí wọ́n lọ se àgbo. Ọkùnrin kan tí ẹran wà lẹ́nu rẹ̀ ní kí màmá dákun jẹ́ kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ná, ìrẹsì ń tutù. Ìyá Àyọ̀ká ní ìrẹsì ṣeé gbé kaná, ọmọ òun ńkọ́? Ó so ọmọ mọ́ àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, ó fa ọlọ́kadà kan dìde nídìí oúnjẹ, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà Mofẹ́wà wo ọmọ, ó ní kòkòrò àrùn ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó ní bó bá ṣe àgbà ni, ara rẹ̀ ì bá gbóná. Irú ọmọ yìí, tí kò tíì lágbára ìjà, lè tutù, kó máa sùn, kó kọ ọmú, kí gbogbo ilé sì máa yìn ín. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Wọn ò dúró de èsì kí wọ́n tó fún un lábẹ́rẹ́. Dókítà ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹni tó tiná bọ̀ ọ́.

Ìyá Àyọ̀ká jókòó ti ọmọ. Ilẹ̀ ń mọ́, ilẹ̀ ń ṣú, ó ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wọ́n ní kó lọ sinmi. Ó ní ohùn òun kọ́ ló ń ṣàìsàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kọ ọ́ dé ibi ikùn róbótó, ọmọ fajú ro. Ẹnu là. Igbe ta, gbogbo wọ́ọ̀dù jí! Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín ibùsùn, ìró ìdí rẹ̀ tú, kò mọ̀. Dókítà ní kó dákun, kó tún un kọ.

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ.

Èkíní. Ẹni tó bá yin ọmọ tuntun pé kì í ké, yóò ru omi yí ìlú ká, yóò sì máa ké bí ọmọ ọwọ́ títí a ó fi ní ó tó. Kábíyèsí ni yóò kọ́kọ́ jìyà. Lọ́la ni. Ẹ má ya fọ́tò.

Èkejì. Ọmọ tó kọ ọmú, tí ara rẹ̀ tutù tàbí tó gbóná, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, tó ń mí bí ẹni sáré, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ìyá ọkọ. Ẹ má dúró de ìrẹsì.

Ẹ̀kẹta. Àìsàn tí a kò tíì yẹ̀ wò kò gbọdọ̀ jẹ́ ibà mọ́. Ibà ti ránṣẹ́ sí ààfin pé irọ́ tí à ń pa mọ́ òun ti pọ̀ jù. Ó ní tòun nìkan ti tó òun í ṣe.

Ẹ̀kẹrin. Ọwọ́ tí kò fojú kan ọṣẹ kò gbọdọ̀ gbé ọmọ. Ìwọ tí o ń fọwọ́ nu ṣòkòtò, a rí ọ.

Ẹ̀karùn-ún. Ohùn Ìyá Àyọ̀ká ti di ohun ìní ìlú. Ẹni tó bá tún dí etí sí i, yóò jókòó tì í láti òwúrọ̀ di alẹ́, yóò máa gberin. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí nílé, ẹ má wá a kiri kí ẹ tó gbé ọmọ lọ. Òfin kejì lọ̀gá.

Ọmọ ti dé láàárọ̀ yìí o. Tí oòrùn bá rọ̀, a ó parí ìsọmọlórúkọ tó dúró. Ẹkúndayọ̀ ni yóò jẹ́. Ìyá àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìlú ni kó wá. Ìyá Àyọ̀ká yóò kọrin, gbogbo wa yóò panu mọ́, a ó máa retí igbe.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fẹ́ni tó wà lóko. Agogo mi dákẹ́ o. Ọmọ náà ni kò gbọdọ̀ dákẹ́.