Ọkọ̀ Ojú Omi Fágbàmígbé

Ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè rí, ìdí tí àwọn àgbà Abẹ́òkè fi ń pa á lówe pé, "Ẹni tó bá ta igi orí òkè, kó ra ọkọ̀ ojú omi"? Ẹ rántí pé Abẹ́òkè kò sí lẹ́bàá òkun, kò sì sí lẹ́bàá ọ̀sà. Odò kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, Aláre, àgbàlagbà ń fò ó kọjá láìká ṣòkòtò sókè. Kí ni ará òkè wá mọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi tó fi ń fi í pòwe? Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀dọ̀ Fágbàmígbé lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Fágbàmígbé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Àgbẹ̀ gidi ni. Òun ni àkọ́bí bàbá rẹ̀, òun ló sì jogún òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, òkè tí igbó dí pa: ìrókò, apá, ọ̀gànwó, àfàrà, àwọn igi tí ènìyàn kan kò lè fọwọ́ gbá mọ́ra. Bàbá rẹ̀ kì í dá oko sórí òkè. Ìdí òkè níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú ló ń ro. Bó bá fẹ́ igi, á gùn ún lọ, á gé ẹyọ kan, á sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n Fágbàmígbé máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, á máa wo òkè náà, inú rẹ̀ á sì máa bàjẹ́. Lójú tirẹ̀, ọrọ̀ ló dúró ségbó yẹn lásán tí ẹnikẹ́ni kò ná.

Ohun tó tún ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni Àjíbóyè. Àjíbóyè ni aládùúgbò rẹ̀, oko rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ òkè náà gan-an, ilé rẹ̀ sì wà lórí gegele kékeré kan ní òdìkejì. Láti ìgbà èwe ni wọ́n ti ń bá ara wọn díje. Bí ọ̀kan bá fẹ́yàwó, èkejì á fẹ́. Nígbà tí Àjíbóyè wá kan páànù tuntun sórí ilé rẹ̀, tí páànù náà ń kọ mànà lójú oòrùn, Fágbàmígbé kò lè jẹun dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Ó pinnu pé òun yóò kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí òun lè máa wo orí páànù yẹn láti òkè.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Múkáílà, oníṣòwò gẹdú, dé sílùú. Ó rin òkè náà já, ó ń fọwọ́ gbá igi lára bí ẹni ń ra màlúù, ó sì padà wá bi Fágbàmígbé pé èwo ló fẹ́ kí àwọn ṣẹ́ kù. Fágbàmígbé ní kò sí.

Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ wà nítòsí, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, àwọn tó wà ní orísun Aláre ńkọ́, àti àwọn tó wà lókè orí wa níbí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀."

Fágbàmígbé bi í pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ìbídùn ronú títí. Kò lè sọ pé igi ń hun agbọ̀n, kò sì lè sọ pé ó ń pọn omi. Ó ní, "Wọ́n dúró síbẹ̀ ni."

"Bó bá jẹ́ ìdúró nìkan niṣẹ́ wọn," ni Fágbàmígbé wí, "wọ́n lè lọ dúró nílùú ẹlòmíì."

Bí wọ́n ṣe kó wọn lọ nìyẹn. Ẹ̀rọ ìgégi ń han lórí òkè láti àárọ̀ dalẹ́, lọ́rì ń gbé ìtì igi kọjá láàárín ìlú, ilẹ̀ ń mì. Ọ̀bọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń jókòó sórí ògiri bí àlejò tí kò rẹ́ni kí. Ejò wọ ilé Baálẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, orí òkè dán bí orí ọmọ ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Fágbàmígbé wò ó, ó ní òun kò mọ̀ pé òkè àwọn lẹ́wà tó báyìí.

Ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sídìí òkè. Ilé náà dára, a kì í purọ́ mọ́ ilé. Ìyá rẹ̀ arúgbó nìkan ló kọ̀ tí kò gun òkè rẹ̀. Ìyá àgbà ní kò sí ẹni tó ń sùn lórí orí ẹlòmíì níbi tí wọ́n ti tọ́ òun dàgbà, ìsàlẹ̀ ló sì mú yàrá. Fágbàmígbé ní tirẹ̀ dúró lókè, ó wo páànù Àjíbóyè. Ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Oúnjẹ wá ń dùn lẹ́nu ọkùnrin náà.

Nígbà tí òjò kù díẹ̀, ó gbin ẹ̀gẹ́ sórí òkè. Ó fẹ́ kí ó máa wu òun wò láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítorí náà ó kọ ebè rẹ̀ láti orí òkè wá sísàlẹ̀ ní tààrà, poro tẹ̀lé poro, bí irun tí wọ́n dì láti ìpàkọ́ wá síwájú orí. Àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó, wọ́n ní iṣẹ́ náà mọ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló la ọ̀nà náà fún.

Òjò ni ó là á fún. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ dáadáa kò tún wá ọ̀nà kiri. Ó gba inú poro sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fágbàmígbé gun òkè lọ wo ẹ̀gẹ́, kò rí ẹ̀gẹ́. Kò rí ilẹ̀ dúdú tó gbìn ín sí pẹ̀lú. Àpáta ló rí. Nígbà tó wo ìsàlẹ̀, ó rí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nínú oko Àjíbóyè, nínú ilẹ̀ dúdú tó nípọn, Àjíbóyè sì wà láàárín wọn, ó ń tún àwọn tó wọ́ gbé dúró.

Fágbàmígbé ní kó dá ẹ̀gẹ́ òun padà. Àjíbóyè ní òun kò lọ jí i, ẹ̀gẹ́ ló wá bá òun. Fágbàmígbé ní ó dáa, kó máa mú ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ dúdú yẹn, ilẹ̀ bàbá òun ni, kó dá ìyẹn padà. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Baálẹ̀. Baálẹ̀ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó sì dá a pé ohun ẹni kì í pẹ́ títí kó di tẹlòmíì. Kí Fágbàmígbé mú agbọ̀n, kó lọ kó ilẹ̀ rẹ̀ nínú oko Àjíbóyè. Ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra kó má fi ilẹ̀ Àjíbóyè kún un, nítorí olè nìyẹn.

Fágbàmígbé mú agbọ̀n lọ lóòótọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó wò ó. Ó bu òmíràn. Nígbà tí oòrùn mú ganrínganrín, ó gbé agbọ̀n tó ṣófo sórí, ó lọ sílé.

Àjíbóyè rẹ́rìn-ín títí òjò kejì fi dé. Ilẹ̀ dúdú ti tán lórí òkè, nítorí náà òkúta àti yangí pupa ni òjò yìí kó wá, ó sì dà wọ́n bo gbogbo ẹ̀gẹ́ náà mọ́lẹ̀. Ó wá kan Àjíbóyè láti lọ bá Baálẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún Fágbàmígbé kó wá kó òkúta rẹ̀. Fágbàmígbé dáhùn pé òun kò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ti Àjíbóyè, òun kò sì fẹ́ jalè. Baálẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ti sú òun.

Òkúta àti iyanrìn kò dúró sí oko nìkan. Wọ́n dí ojú odò Aláre pa. Omi tó ti ń gba ibẹ̀ lọ láti ayébáyé dé ojú ọ̀nà rẹ̀, ó bá a ní títì, ó sì yà. Ibi tó yà sí ni pálọ̀ Fágbàmígbé. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé, iwájú ló ń gbà jáde, ó sì ń fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ sórí àga tìmùtìmù. Fágbàmígbé mọ ògiri sẹ́yìn ilé. Omi dúró sẹ́yìn ògiri, ó ń ga sí i, títí ògiri fi wó lu ilé ìdáná, tí òun àti ilé ìdáná jọ lọ. Ó wá gbẹ́ kòtò kékeré kan kí omi lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Òjò mìíràn sọ kòtò náà di ọ̀gbun. Ọ̀gbun gbé ṣáláńgá mì, ó sì gé ọ̀nà tó lọ sílùú sí méjì. Ìbídùn kó agbada àti ìkòkò rẹ̀ lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ibẹ̀ ló ti ń dáná. Ìyẹn gan-an ló ń dun Fágbàmígbé jù.

Òjò ńlá wá bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ìyá àgbà ń sun oorun ọ̀sán nínú yàrá ìsàlẹ̀. Kí Fágbàmígbé tó sáré sọ̀ kalẹ̀, omi ti mù ún dé ìbàdí, ibùsùn ìyá rẹ̀ sì ti ń léfòó. Ìyá jókòó lórí rẹ̀, ó di gèlè rẹ̀ mú. Ẹ̀rù ba Fágbàmígbé. Kò lè gbé ìyá gun àtẹ̀gùn, nítorí bó ti sọ̀ kalẹ̀ tán ni omi fa àtẹ̀gùn náà ya kúrò lára ilé. Ìbídùn ló ti agbada ńlá tó fi ń yan gàrí láti òkè sọ̀ kalẹ̀. Fágbàmígbé gbé ìyá sínú agbada, ó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tì í jáde sójú omi.

Ìyá àgbà kò pariwo. Ó wo agbada, ó wo omi, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Fágbàmígbé, kí là ń pe èyí?"

Fágbàmígbé fi èjìká ti agbada. Ìṣàn omi ti ń fa agbada lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kanlẹ̀ dáadáa mọ́. Ó rò pé ó ti parí. Ọwọ́ kan ló rí tó di agbada mú lódìkejì. Àjíbóyè ni. Ọkùnrin náà ti bọ́ sómi láti orí gegele rẹ̀, omi mù ún dé àyà. Ó kàn ń fà ni. Àwọn méjèèjì gbé ìyá dé ilé Àjíbóyè. Ìyàwó Àjíbóyè fún un ní aṣọ gbígbẹ àti ẹ̀kọ gbígbóná.

Ẹ̀kọ náà dùn mọ́ ìyá. Yàrá náà wù ú. Nígbà tí omi fà díẹ̀, ó ní òun kò ní padà sílé tó ń gba àlejò omi. Ó ní ibí ni òun yóò wà, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni kí Fágbàmígbé máa wá kí òun. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan kò wá, òun yóò mọ̀ pé òun kò bímọ.

Ọ̀gbun wà láàárín ilé méjèèjì. Ìgbà òjò sì ṣì kù púpọ̀. Fágbàmígbé kò lè lúwẹ̀ẹ́, agbada gàrí kò sì gba ọkùnrin tó sanra. Ó ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ létí òkun pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi.

Ọkọ̀ náà dé lórí lọ́rì, gbogbo ìlú sì jáde wá wò ó. Awakọ̀ ti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni púpọ̀ kó tó gbà pé kì í ṣe pé òun ṣìnà. Ọkùnrin Ìlàjẹ tó kó o wá, Máfimíṣẹ̀bi, sọ̀ kalẹ̀, ó wo òkè, ó wo yangí, ó wo ilẹ̀ tó gbẹ láti ìgbà tí òjò ti dá fún ìwọ̀nba ọjọ́. Ó bi Fágbàmígbé pé níbo ni odò wà.

Fágbàmígbé ní, "Kò tíì dé. Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Máfimíṣẹ̀bi wo ojú rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ yá. Ó sùn tì wọ́n. Láàárọ̀, òjò bẹ̀rẹ̀, odò sì dé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn Àjíbóyè, ó ń kọ́ Fágbàmígbé bí wọ́n ṣe ń fi àjẹ̀ tukọ̀, nígbà tí ìyẹn ń yí òbírí nínú àgbàlá ara rẹ̀ bí ẹni ń wá ohun tó sọnù.

Ó mọ̀ ọ́n tù nígbẹ̀yìn. Àràárọ̀ ló ń tukọ̀ lọ kí ìyá rẹ̀, á fi orí balẹ̀, á tukọ̀ padà. Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú ń bẹ̀ ẹ́ kó gbé wọn kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, orísun Aláre gbẹ pátápátá, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, ìlú tó ní ọkọ̀ ojú omi kò wá ní omi tí wọ́n á fi se ọbẹ̀.

Múkáílà kò mọ ìyẹn. Ó ti lọ sílùú Òkèlúsì tó wà lẹ́yìn òkè kejì, ó ń bá wọn dúnàádúrà lórí igbó tiwọn. Àwọn àgbà Òkèlúsì ní àwọn yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti tà á rí. Ìgbà òjò ni wọ́n dé, Fágbàmígbé fúnra rẹ̀ ló sì wá fi ọkọ̀ gbé wọn létí ọ̀gbun. Nígbà tí wọ́n dé àárín omi, èyí tó dàgbà jù nínú wọn béèrè bóyá kí àwọn tà á.

Fágbàmígbé ń tukọ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ tà á. Owó wà níbẹ̀. Ilé tí mo fi kọ́ nìyẹn, ẹ̀yin náà rí i pé ó ga. Àmọ́ ṣá o, ẹni tó bá ta igi orí òkè, kó ra ọkọ̀ ojú omi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí i pé Fágbàmígbé kò rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú. Wọ́n padà lọ sọ fún Múkáílà pé igbó Òkèlúsì kì í ṣe títà. Ó bi wọ́n nídìí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè lúwẹ̀ẹ́ nínú àwọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ìhà ọ̀dọ̀ wọn, tí ẹ gbọ́ tí àgbà kan ń sọ ọ́ fún ẹni tó gbé àáké, ẹ má wá òkun kiri, ẹ má sì rò pé ọtí ló mu. Ìmọ̀ràn gidi ni: ẹni tó bá ta igi orí òkè, kó ra ọkọ̀ ojú omi.