Ìjì Tí Kò Jẹ́ Kí Àna Relé

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Alhaja Sẹ̀kínátù ní òun fẹ́ lò nígbà tó ti Houston wá wẹ Nusaybah, ọmọ tuntun tí Muminat ọmọ rẹ̀ bí. Oṣù kẹta rèé! Alhaja ló ni bẹ́ẹ̀dì. Daud ọkọ Muminat ń ká ẹsẹ̀ sórí sófà ní pálọ̀ ilé wọn ní Richton Park, ní apá àríwá Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn ń dùn ún, ọrùn ń dùn ún. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ilé, Alhaja á ní ìjì ò jẹ́ kí òun wọ bàálù padà sí Houston. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ nílé wo ló máa sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́? Lọ́sàn-án Sátidé, ó rọra gbé láptọ́ọ̀pù wá síwájú Alhaja.

"Màmá, ẹ wá wo máàpù ìjì yìí. Houston yín rèé. Ẹ ò rí i bó ṣe pa rọ́rọ́?"

Alhaja wọ awò ojú. "Bàbá Nusaybah, ẹ jẹ́ kó fẹ̀ sí i díẹ̀."

Daud fẹ̀ ẹ́.

"Ẹ tún fẹ̀ ẹ́. Hẹn-ẹ̀n! Kí ni òbìrìkìtì pupa yẹn?"

"Ìjì ni, Màmá, ṣùgbọ́n etí òkun Senegal ló wà! Áfíríkà níbẹ̀ yẹn!"

"Ṣebí Áfíríkà ni gbogbo wa ti wá. A ò sì dé Amẹ́ríkà?"

Daud tẹ ibi tí ọjọ́ wà. "Ẹ wò ó, tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, àárín òkun ló máa kú sí."

"Ọlọ́hun nìkan ló mọ ọjọ́ ikú. Àbí ó ti sọ fún láptọ́ọ̀pù?"

"Rárá o, Màmá."

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mexico ńkọ́?"

"Òjò lásán nìyẹn."

"Òjò lásán náà ló gbé mọ́tò Alhaji ọkọ mi lọ ní Houston lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn."

Yéè! Òógùn ń bọ̀ lójú Daud. Ó tẹ atẹ́gùn, ó tẹ òjò, ó tẹ ìkùukùu. Kò sí pupa kankan lágbègbè Houston.

"Màmá, mo fi Ọlọ́hun búra, ọ̀nà dá gaara! Bàálù lè gbéra lónìí yìí, kò sí nǹkan tó máa mì ín."

Alhaja yọ awò ojú, ojú rẹ̀ tú ká. "Láti Houston dé ibí?"

"Láti Houston dé ibí, Màmá!"

"Ó dá yín lójú?"

"Bí mo ṣe ń rí yín yìí!"

Fóònù ti dé etí Alhaja.

"Alhaji, ẹ má dá nìkan jókòó mọ́ o! Ẹ di ẹrù yín. Ọkọ Muminat ti fi Ọlọ́hun búra pé ọ̀nà dá, ó ní kí ẹ máa bọ̀ lónìí!"