Rọ́bà Ṣòkòtò Tó Parí Ogun Mànàmáná

Ẹ bá mi kí Gbádégẹṣin, télọ̀ Ìkìrun, akọni tó ń di abẹ́rẹ́ mú bí ẹni di ọ̀kọ̀ mú, ọmọ Adéníran a-jiyàn-má-sinmi, ọmọ-ọmọ Àkànó tó sá fógun títí tó fi rẹ ogun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò sá lọ́jọ́ náà, èwo nínú wọn ló bí ọmọ tó bí télọ̀? Bàbá rẹ̀, Adéníran, ló bá aládùúgbò rẹ̀ jiyàn lórí iṣu méjì, èwo ló tóbi jù, tí wọ́n jiyàn náà títí iṣu méjèèjì fi hù, tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí èyí tó kọ́kọ́ hù. Inú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni akọni wa ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ àjànàkú kì í ya aràrá, ọmọ aláriyànjiyàn náà kì í ya odi. Kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n tó bá ti la ẹnu báyìí, àwọn tó ga a máa wá ibi jókòó sí.

Kí n tó ròyìn ogun, ó yẹ kí n sọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, nítorí ọ̀pọ̀ ogun la máa ń jà tá ò mọ ìdí rẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin kan wà láyé ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì ń jọba, Mànàmáná lorúkọ wọn, àwọn ọmọkùnrin onírun gígùn tí wọ́n ń fi gìtá oníná kọ orin rọ́ọ̀kì lédè Yorùbá, tí ariwo wọn ń mú adìyẹ fi ẹyin sílẹ̀. Ládé Gògò ló ń kọrin, Ṣẹ̀yẹ Ọlọ́wọ́-Iná ló ń ta gìtá. Wọ́n ṣe àwo mẹ́rin tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn, wọ́n ṣe ìkarùn-ún tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kó sí wọn lórí, lẹ́yìn náà ni wọ́n túká láìsọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Níwọ̀n ìgbà tí wọn ò sì sọ ọ́ fún wa, àwa náà sọ ọ́ fún ara wa.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù Sìkírù la ti ń sọ ọ́. Sìkírù ló ń bá gbogbo ìlú da orin láti ara àwo sínú kásẹ́ẹ̀tì, bẹ́ǹṣì gbọọrọ kan sì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò sí ilé ìgbìmọ̀ kan tó jù ú lọ. Apá ọ̀tún làwọn ọmọ ẹ̀yìn Gògò ń jókòó sí, wọ́n ní Gògò ló kọ gbogbo orin, pé Ṣẹ̀yẹ kàn ń ha okùn lásán ni. Apá òsì làwọn ọmọ ẹ̀yìn Ṣẹ̀yẹ ń jókòó sí, wọ́n ní béèyàn bá yọ gìtá kúrò, ohun tó kù ò ju ọkùnrin kan lọ tó ń ké bí ẹni tí ilẹ̀kùn pa lọ́wọ́. Gbádégẹṣin ni balógun ọ̀tún. Balógun òsì ni Làmídì Oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń jí mángòrò ká, ọkùnrin gìrìpá tí ìyẹ̀fun kì í kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Àwọn méjèèjì a máa jiyàn títí ẹnu á fi gbẹ, wọn a sì jọ gbéra lọ sílé, torí ọ̀nà kan náà ni ilé wọn.

Bó ṣe rí nìyẹn títí kásẹ́ẹ̀tì àwo karùn-ún fi dé. Awakọ̀ kan ló yá Sìkírù ní àwo náà fún ìrọ̀lẹ́ kan péré, Sìkírù dà á, awakọ̀ gba àwo rẹ̀ ó bá tirẹ̀ lọ, ara kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ìlú sì ti da tiwọn. Orin ìkẹyìn inú rẹ̀ ń jẹ́ Bá Mi Dé Afárá. Gògò bẹ ọ̀rẹ́ nínú orin náà pé kó sin òun dé afárá kó tó padà, gìtá Ṣẹ̀yẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, ìdáhùn náà ń dùn bọ̀, ló bá já gèé. Kò sí ohùn, kò sí gìtá, kò sí ohunkóhun mọ́.

Gbádégẹṣin ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ ò rí i? Ṣẹ̀yẹ ti jáde. Ó já ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín orin."

Làmídì náà dìde. "Ta ló jáde? Gògò ló ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ìlara ni. Kò fẹ́ ká gbọ́ gìtá."

Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, inú sì bí akọni wa débi tó fi sọ ohun tí kò ṣeé kó mọ́. Ó ní, "Ọ̀dàlẹ̀ ló ń gbè sẹ́yìn ọ̀dàlẹ̀." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Làmídì mú tìmùtìmù tó máa ń fi sídìí lórí bẹ́ǹṣì, ó gbọn eruku rẹ̀, ó gba ilé lọ. Láti ọjọ́ náà, ọdún gorí ọdún, kò jókòó síbẹ̀ mọ́, Gbádégẹṣin náà ò sì jẹ búrẹ́dì rẹ̀ mọ́. Búrẹ́dì ìlú mìíràn ló ń rà, èyí tó le débi pé ìyàwó rẹ̀ fi ọ̀kan ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà tó yá ni ìròyìn dé pé Làmídì ń kó lọ sí Ìlọrin, àwọn ọmọ rẹ̀ ti rí ilé fún un, ọkọ̀ á wá kẹ́rù lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀rọ̀ náà wọ Gbádégẹṣin lára ṣinṣin. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Àbẹ̀jẹ́, pé ohun tó ń dun òun ni pé ọ̀tá fẹ́ kúrò lójú ogun láìjẹ́ pé òun ṣẹ́gun rẹ̀.

Àbẹ̀jẹ́ ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. "Ṣé ọ̀tá lo máa ń yọjú wo ilé rẹ̀ láràárọ̀?"

Ó ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ ogun. Ṣùgbọ́n kò sùn dáadáa. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n, òun náà sì mọ̀, àmọ́ ọmọ Adéníran kì í lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀rí ló fẹ́ mú lọ. Ó pinnu pé òun á wá àwo gan-an rí, kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì, torí ìròyìn ò tó àfojúbà. Lára àwo, ó ní, èèyàn á gbọ́ ìró bàtà Ṣẹ̀yẹ bó ṣe ń jáde, bóyá ìró ilẹ̀kùn pẹ̀lú.

Wọ́n ní àwo náà wà nílé ọtí Ìyá Ọ̀kẹ́ ní Òkukù. Gbádégẹṣin gbéra ní ọjọ́ Ẹtì, ó kó sísọ́ọ̀sì, òwú àti abẹ́rẹ́ sápò bí ẹni kó ohun ìjà. Ìyá Ọ̀kẹ́ ní òun ò yá ẹnikẹ́ni ní àwo. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" ni ìyá náà bi í.

"Télọ̀ ni mí, mà."

"Àwọn kọ́tìnnì mi ń wọ́ nílẹ̀, àwọn ọ̀mùtí ń tẹ̀ wọ́n. Jókòó síbẹ̀ yẹn."

Àwọn jagunjagun àtijọ́ la odò kọjá, wọ́n la igbó kìjikìji kọjá. Tiwa la kọ́tìnnì kọjá, ó ṣẹ́ gbogbo wọn létí lọ́wọ́, ìka rẹ̀ wú, kò ráhùn. Ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀, ó gba àwo, ó wọ ọkọ̀. Obìnrin kan tó jókòó tì í gbé ewúrẹ́ sórí itan, ewúrẹ́ náà sì na ẹnu sí páálí àwo. Gbádégẹṣin wò ó lójú. Ewúrẹ́ wò ó lójú. Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ yíjú padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á mọ́ àwọn ìṣẹ́gun rẹ̀.

Nígbà tó sọ̀ ní Ìkìrun, ọkọ̀ akẹ́rù ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Sìkírù, páànù búrẹ́dì kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú, okùn ni wọ́n fi dì wọ́n. Làmídì yà síbẹ̀ láti gba àwọn kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó kù. Àwọn méjèèjì rí ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wá nǹkan mìíràn wò.

"Sìkírù," ni Gbádégẹṣin wí, "gbé gíramafóònù jáde. Àwo karùn-ún nìyí. Ẹni tó bá láyà, kó dúró gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, kò lè yí. Rọ́bà tó ń yí i ti já. Ó di ìgbà tí mo bá dé Ìbàdàn."

Làmídì ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí ọkọ̀. "Sìkírù, bí kò bá lè yí, kí n máa lọ."

Gbádégẹṣin wo ọkọ̀, ó wo ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ló wo ìsàlẹ̀, ó wo ara rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ìtàn àwọn akin tó fi ẹ̀mí lélẹ̀ fún ìlú, ẹ sọ fún mi, èwo nínú wọn ló fa rọ́bà ṣòkòtò ara rẹ̀ yọ lẹ́bàá títì? Akọni wa kọjú sí ògiri, ó fi sísọ́ọ̀sì la ìbàdí ṣòkòtò, ó fa rọ́bà jáde gbọrọrọ, ó wọ̀n ọ́n, ó gé e, ó rán orí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ní ìránpọ̀ tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á fi ọdún kan kọ́, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan àti eyín, torí ọwọ́ kejì di ṣòkòtò mú. Ó fi rọ́bà kọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ mì, ó kẹ́dùn, ó yí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmùkúrù tó bà sí ni lẹ́pọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ sórí orin ìkẹyìn.

Gògò kọrin. Làmídì sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ láti orí ọkọ̀. Gìtá dáhùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibi tó ti máa ń já, àwọn méjèèjì na ọrùn, ọ̀kan ń retí ìró bàtà, èkejì ń retí ìró ẹ̀rọ tí wọ́n ń pa. Orin dé ibẹ̀. Ó kọjá.

Ó kọjá, ó sì ń lọ. Gìtá Ṣẹ̀yẹ gùn, ó lọ jìnnà, ó padà, Gògò sì dúró dè é, ó ń fi àtẹ́wọ́ gbè é. Lẹ́yìn náà ni Ṣẹ̀yẹ, tí kò kọrin rí nínú gbogbo àwo wọn, fi ohùn líle tí kò dùn rárá kọ ọ́ pé òun ti dé afárá, òun ò ní padà. Wọ́n jọ kọ ọ́ títí. Níparí, a gbọ́ tí Gògò ní, "Ṣẹ̀yẹ, ó ti tó." Ṣẹ̀yẹ dáhùn pé, "Ó kù díẹ̀." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, àwo sì parí.

Sìkírù ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

"Kásẹ́ẹ̀tì ló tán lọ́jọ́ náà," ló wí. "Orin gùn jù ú lọ."

Làmídì yíjú sí i. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ orin jù."

Gbádégẹṣin fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu tó ti pa ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́, ó wá kọ̀, kò ṣí. "Làmídì," ló wí nígbà tó yá, "ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́sí…" Ibẹ̀ ni ṣòkòtò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sílẹ̀.

"Di ṣòkòtò rẹ mú ná," ni Làmídì wí.

Ó lọ sídìí ọkọ̀, ó gé nínú okùn tí wọ́n fi di páànù, ó padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi so ó nídìí bó ṣe ń so àpò ìyẹ̀fun. Okùn náà yí i po, ó tún ṣẹ́kù.

"Gbádé, o ti rù."

"Búrẹ́dì tí mò ń jẹ ni kò dáa."

Làmídì ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyẹ̀fun ojú rẹ̀ gbọ̀n. Ó lọ mú búrẹ́dì kan wá láti iwájú ọkọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n bù ú sí méjì, wọ́n ní kí Sìkírù fi àwo náà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Àwo yìí ò dáa," ni Làmídì wí.

"Ta ló sọ pé ó dáa?"

Nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹnu wọn kò lé lórí láti ìgbà mángòrò nìyẹn. Awakọ̀ fọn fèrè, ó tún un fọn, Làmídì dìde nígbà tó wù ú. Kí ọkọ̀ tó ṣí, ó fa tìmùtìmù rẹ̀ àtijọ́ yọ láàárín ẹrù, ó gbé e kalẹ̀ sí apá òsì bẹ́ǹṣì, kò sì sọ ìgbà tí òun á wá jókòó lé e. Ó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fìdí kàn án.

Nítorí náà, kí Ìkìrun gbọ́, kí Òkukù gbọ́, kí ewúrẹ́ inú ọkọ̀ náà gbọ́: Gbádégẹṣin ọmọ Adéníran, ajagun-má-ní-rọ́bà, aṣẹ́gun-fi-okùn-páànù-sánṣọ, ti parí ogun Mànàmáná, àbá rẹ̀ àti ti ọ̀tá rẹ̀ sì jọ ṣubú lọ́jọ́ kan náà. Láti òní lọ, òfin ni ní gbogbo ilẹ̀ tí bẹ́ǹṣì náà ń ṣàkóso: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀, àfi tó bá kọ́kọ́ wò ó bóyá kásẹ́ẹ̀tì ló tán.